Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Igi Lórúkọ

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ń túmọ̀ ìtàn àwọn ará Jàpáànì sí èdè Yorùbá. Ó kan igi kan tí ewé rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ nínú ọgbà, ó sì pè é ní ‘igi òyìnbó’. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní mépù ni, pé irú rẹ̀ ni ewé rẹ̀ wà lára àsíá Kánádà, kí ni ìyàtọ̀? Ẹlẹgbẹ́ mi kan tí ó wà níbẹ̀ ní òótọ́ ni ọmọ sọ. Èmi kò gbà.

Òtítọ́ ni pé ẹbí kan ni wọ́n. Oríṣi mépù tí ó wà láyé lé ní 100, ewé wọn a sì máa dojú kọ ara wọn ní méjì-méjì lórí ẹ̀ka. Ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ kan náà kò dọ́gba. Mépù oníṣúgà ti Amẹ́ríkà ti Àríwá lè ga tó mítà 30. Ti Jàpáànì kì í sábà ju mítà 10 lọ. Ewé oníṣúgà fẹ̀. Ti Jàpáànì kéré, ó ní ìka tẹ́ẹ́rẹ́ 5, 7 tàbí 9 tí ó là wọnú ewé jìnnà. Òmíràn ya wẹ́wẹ́ bí fọ́nrán òwú. Òmíràn ti pọ́n láti ìgbà ìrúwé, kò dúró de ìgbà ìwọ́wé. Bí a bá gbin irúgbìn rẹ̀, ọmọ lè má jọ ìyá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ irú ewé kan a gé ẹ̀ka rẹ̀, a sì so ó mọ́ ìdí igi kékeré mìíràn títí wọn yóò fi di ọ̀kan.

Ẹlẹgbẹ́ mi bi mí pé kí ni ìlò igi tí kò mú ṣúgà wá. Lóòótọ́, ní Kánádà, nǹkan bí lítà 40 oje ni wọ́n ń sè kí ó tó di lítà 1 omi dídùn. Ṣùgbọ́n ní Jàpáànì, àwọn ènìyàn a máa jáde lọ wo ewé yìí nígbà ìwọ́wé, wọn a sì pe ìrìn náà ní momijigari, èyíinì ni ọdẹ ewé pupa. Ọdẹ tí kò pa ẹran! Ta ni àdìrẹ yó nínú rí tí a fi ń rà á?

Àwọn onílẹ̀ wo ewé náà, wọ́n rí ọwọ́ àkèré. Láti inú èyí ni orúkọ náà kaede ti jáde. Carl Peter Thunberg, ọmọ Sweden, dé ibẹ̀ ní 1775. Òun rí àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn, ó sì pè é ní Acer palmatum. Àwọn méjèèjì kọ́kọ́ wo igi kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Àwa ńkọ́? Bí àlejò bá pe ìrókò, àràbà àti apá ní ‘igi igbó’ lásán, a ó ní kò mọ ilẹ̀ wa. Jàpáànì kì í ṣe ilẹ̀ òyìnbó. Ojú Gẹ̀ẹ́sì ni a yá wò ó.

Mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ ‘mépù ọlọ́wọ́-àkèré’. Ẹni tí ó bá ní orúkọ tí ó dára ju èyí lọ, kí ó mú un wá. ‘Igi òyìnbó’ ni n kò fẹ́ gbọ́ mọ́.