Ẹ Gba Ìwé Kí Ẹ Tó Fi Yàrá Kún Ilé

A bá ìdílé ọmọ Ọ̀fà tí wọ́n bí ìbejì ní apá Gidan Mangoro yọ̀. Takọ tabo ni, ara ìyá le, Olúwa yóò dá wọn sí. A sì bá ìdílé àgbà wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, kẹ́dùn, àgbà tí ó ti wà ní àjò yìí kí àwa tó dé ìdí iṣẹ́ Rélùwéè rárá. Wọ́n ti gbé bàbá lọ sílé, wọ́n ti sin wọ́n, àwọn ọmọ sì ti padà dé. Ilé bàbá náà ni ẹ ó ti bá wọn bí ẹ bá fẹ́ lọ kí wọn. Ilé yìí kan náà ni ó fa ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Àwọn ọmọ ti gbà pé kí a sọ ọ́, bí a kò bá ti dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí ó fẹ́ràn ìwé ni bàbá. Ọmọdé ni wọ́n ní Tamale ní ọdún 1969, nígbàtí ìjọba Ghana pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn òbí wọn fi ilé àti ọjà sílẹ̀, wọ́n gbé ọmọ àti ẹrù tí orí lè rù. Láti ìgbà náà, bàbá kì í ju bébà nù. Rìsíìtì sìmẹ́ǹtì ọdún gbọọrọ wà nínú àpótí wọn.

Nítorí náà, nígbàtí wọ́n pè wá kí a wá bá wọn ka ìwé, a rò pé iṣẹ́ wákàtí kan ni. Ìwé tí ìdílé Gbagyi tí ó ta ilẹ̀ fọwọ́ sí lójú mai unguwa wà níbẹ̀. Ìwé sọ̀fíyọ̀ wà níbẹ̀. Páláànì ilé wà níbẹ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀ ìjọba: yàrá mẹ́rin, pálọ̀ kan, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbàtí a jáde sí ẹ̀hìnkùlé, yàrá méjìlá ni a kà. Mẹ́jọ tí ó lé, tí bàbá ń kọ́ ní méjì méjì bí owó ti ń wọlé, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń gbé, kò sí bébà kan tí ó mọ̀ wọ́n. Lára ògiri ọ̀kan nínú wọn a rí àmì pupa tí ẹnì kan ti fi ẹfun kùn bò. Ọ̀dà pupa kì í gbọ́ ti ẹfun, ó ti yọjú padà.

Àwọn yàrá mẹ́jọ wọ̀nyí ni ó ń mú owó wọlé. Owó wọn ni ó ń rán àbíkẹ́hìn bàbá ní ilé-ìwé.

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ẹni tí ó bá ti gbàṣẹ ìkọ́lé lẹ́ẹ̀kan ti gbà á títí ayé nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ètò ìlú tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 1992, èyí tí a mọ̀ sí Decree 88, kò dúró lórí ilé tuntun nìkan. Ó ka ìkọ́lé gbogbo, ilẹ̀ gbígbẹ́, ilé wíwó, igi gígé, pátákó ìpolówó tí a rì mọ́lẹ̀, àti yíyí ìlò ilẹ̀ padà lọ́nà tí ó kan àdúgbò, ó sì ní ẹni tí yóò ṣe wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ. Ìwé náà pàápàá ní ọjọ́ orí: bí ọdún méjì bá kọjá tí a kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àfi kí a lọ tún un ṣe. Ìpínlẹ̀ Èkó pe ìjọba àpapọ̀ lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ sì dájọ́ ní ọdún 2003 pé ọ̀rọ̀ ètò ìlú jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀, pé Abuja nìkan ni ó kù sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó ti kọ́lé sí Ṣàgámù rí kò fi gbọdọ̀ rò pé bí wọ́n ti ń ṣe é lọ́hùn-ún ni a ń ṣe é níhìn-ín. Ọ́fíìsì ètò ìlú ti Ìpínlẹ̀ Niger ní Minna ni kí ó wọ̀ lọ, kí ó bèèrè.

Àwọn kan yóò ní, ‘Ilẹ̀ mi ni, owó mi ni, kí ni ó kan ìjọba?’ Kí wọn wá wo ẹ̀hìnkùlé tí à ń wí. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì méjì nínú yàrá mẹ́jọ, ihò ṣalángá kan ṣoṣo, kànga aládùúgbò kò sì ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ sí i. Àwa kò lè mu omi kànga náà, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ènìyàn ń mu ún. Bí iná bá sì ṣẹ́ yọ nínú yàrá tí ó gbẹ̀hìn, ọ̀nà tí a ó gbà gbé ènìyàn jáde kò gba ènìyàn méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ sì rántí Ìkòyí ní Èkó, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Àwọn aláṣẹ ìkọ́lé Èkó sọ pé àjà 15 ni wọ́n gba àṣẹ rẹ̀, àjà 21 ni wọ́n kọ́. Ilé náà wó, ó sì pa ju 40 ènìyàn lọ. Ti Gidan Kwano kò ga tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwà fífi kún un láìbèèrè, ọ̀kan náà ni.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé a ń fi ara wa ṣe olódodo. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́hìn, ìyàwó wa fẹ́ máa ta ọjà wéwé ní iwájú ilé. A ra igba búlọ́ọ̀kù, a sì dúró de ọdún Àjíǹde, nítorí a mọ̀ pé láti ọjọ́ Jímọ̀ títí di Mọ́ńdè, ọ́fíìsì wà ní títì. Bíríkìlà wá, káfíńtà wá, kí ó tó di alẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè páànù ti wà lórí. Inú wa dùn bí ẹni tí ó jẹ tẹ́tẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a ti ibi iṣẹ́ dé, a bá STOP WORK lára ògiri. Dípò kí a lọ sí ọ́fíìsì, a lọ bá ọkùnrin kan tí ó ní òun mọ ẹni tí ó mọ ènìyàn. A fún un lówó, a kò tún fojú kàn án mọ́. Ní ìgbẹ̀hìn, àwa fúnra wa ni a wó ṣọ́ọ̀bù náà kí búlọ́ọ̀kù má baà ṣòfò. Nínú igba, kò tó ọgọ́rin tí ó jáde láìfọ́. Ìyàwó wa kò pariwo. Ó kàn bi wá pé, ‘Owó tí ẹ fún ọkùnrin yẹn, ṣé kò tó gba ìwé náà?’ A kò tíì rí èsì fún un títí di òní.

Ìlú Òyìnbó náà ní irú wa. Àwọn tí ọmọ wọn wà ní Ìlú Ọba mọ̀ pé láti ìgbà òfin ọdún 1947 ni wọn kì í ti í kọ́lé láìgbàṣẹ lọ́hùn-ún. Wọ́n yọ̀ǹda díẹ̀ fún onílé: ní England, ẹni tí ilé rẹ̀ dá dúró lè fi yàrá ilẹ̀ kún ẹ̀hìn ilé ní mítà mẹ́rin, ẹni tí ilé rẹ̀ so mọ́ ti ẹlòmíràn, mítà mẹ́ta, bí kò bá ga jù, tí ó sì wà ní ìlànà. Bí ó bá kọjá èyí, kí ó lọ tọrọ àṣẹ, wọn yóò sì bi àwọn aládùúgbò léèrè. Àgbẹ̀ kan wà ní Salfords ní Surrey, Robert Fidler ni orúkọ rẹ̀. Ó kọ́ ilé bí ààfin ọba sórí oko rẹ̀ láìgbàṣẹ, ó to koríko gbígbẹ ní dìdì yí i ká, ó fi tapólì bò ó lórí, òun àti ìdílé rẹ̀ sì ń gbé inú rẹ̀. Ìdí ni pé òfin ìgbà náà ní bí ilé bá pé ọdún mẹ́rin tí ìjọba kò bá wí nǹkan, ó bọ́ nìyẹn. Ní ọdún 2006, ó kó koríko kúrò, ó ní ọdún mẹ́rin ti pé. Àwọn adájọ́ ní koríko tí ó tò yẹn wà lára ìkọ́lé, iṣẹ́ kò sì parí títí ó fi kó o kúrò. Ó ja ẹjọ́ náà fún ọdún púpọ̀, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n halẹ̀ mọ́ ọn, ó sì wó ilé náà ní ọdún 2016. Nígbàtí a ka èyí, a rẹ́rìn-ín títí, lẹ́hìn náà a rántí ọdún Àjíǹde wa, ẹ̀rín sì dákẹ́.

Òmíràn wà tí ó kan àwa àlejò ju àwọn onílẹ̀ lọ. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ ti Àríwá ní ọdún 1962, ẹni tí baba rẹ̀ bá jẹ́ ti ẹ̀yà Àríwá ni ọmọ ìbílẹ̀. Ọmọ Ọ̀fà, ọmọ Ìlọrin àti ọmọ Kàbbà wà nínú ilé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ àti ọmọ Abẹ́òkúta wà lóde, bẹ́ẹ̀ èdè kan náà ni wọ́n ń sọ. Òfin Ilẹ̀ ti oṣù kẹta ọdún 1978 ni ó wó ògiri yẹn. Ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ Gómìnà, pé kí ó máa bójú tó o fún àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Nítorí náà kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó máa yọ́ wọ ọ́fíìsì bí olè nítorí pé ó jẹ́ Yorùbá. Ṣùgbọ́n òfin kan náà sọ bí ogún yóò ṣe pín. Bí ẹ̀tọ́ ilẹ̀ bá jẹ́ ti ìbílẹ̀, irú èyí tí ìjọba ìbílẹ̀ ń fúnni, àṣà ibi tí ilẹ̀ wà ni yóò máa pín in. Bí ó bá jẹ́ C of O ti Gómìnà, àṣà ẹni tí ó kú ni, àyàfi bí òfin mìíràn bá wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyàwó àti ọmọ, ẹ tún gbólóhùn yìí kà.

Kí ẹ sì tó ra ilẹ̀ tàbí kí ẹ tó fẹ ilé lójú ni Gidan Kwano níhìn-ín, ẹ bèèrè ibi tí ààlà yunifásítì dé. Hẹ́kítà 10,650 ni ilẹ̀ wọn, kì í ṣe ibi tí ẹ ti ń rí ilé ẹ̀kọ́ nìkan ni. Àwọn Hausa ní ilé páànù ni orúkọ àdúgbò wa yìí túmọ̀ sí, ó sì dàbí ẹni pé olúkúlùkù fẹ́ fi páànù tirẹ̀ kún un. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún ohun tí ó kan gbogbo ìlú, òfin 1978 ní kí wọ́n san owó ilé tí ó wà lórí rẹ̀ fún ẹni tí ó ni ẹ̀tọ́ ibẹ̀. Ta ni yóò wá jẹ́rìí sí yàrá tí kò sí lórí páláànì?

A mọ ohun tí ẹ ó sọ. Owó páláànì, owó ìwé, owó ọkọ̀ lọ sí Minna, àti ‘ẹ padà wá lọ́la’ tí kì í tán. A ti gbọ́ ọ, a sì ti jẹ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ wá ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ páláànì yíyà, kí ó ya ti àtijọ́ àti ti tuntun sórí ìwé kan náà. Owó tí ẹ bá san, kí ó wọ báǹkì, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹni tí ó bá ti kọ́ tirẹ̀ láìgbàṣẹ, kí òun náà lọ kí wọ́n tó wá. Òfin 1992 fi àyè sílẹ̀ pé kí wọ́n ní kí onílé yí ilé rẹ̀ ṣe, kì í ṣe wíwó nìkan ni ó wà ní ọwọ́ wọn.

Àwọn ọmọ bàbá yóò lọ sí ọ́fíìsì ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Wọ́n ti pinnu láti fi yàrá méjì tí ó sún mọ́ kànga sílẹ̀ kí wọ́n lè rí mẹ́fà gbà, àbíkẹ́hìn nìkan ni kò tíì fara mọ́ ọn, nítorí owó ilé-ìwé rẹ̀. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ méjì yóò bá wọn lọ, àwa náà yóò bá wọn lọ bí ọ̀gá wa bá fún wa ní ààyè níbi iṣẹ́. Ẹni tí ó bá ní irú ọ̀ràn yìí, kí ó kó ìwé rẹ̀ wá sí ìpàdé oṣù tí ń bọ̀ lẹ́hìn tí a bá ti dá owó ìkómọ ìbejì.