Ẹ Kà Wọ́n Lójò, Ẹ Kà Wọ́n Lẹ́ẹ̀rùn

Kí iléeṣẹ́ ìwakùsà tó gbẹ́ ilẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rán àwọn onímọ̀ lọ ka ẹranko tó ń gbé ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn ìyẹn mọ́. Ohun tó ń kọ wá lóminú ni ìgbà tí wọ́n ń lọ kà á, àti bí wọ́n ṣe ń pẹ́ tó níbẹ̀.

Ẹ wo òkè Nimba, níbi tí Côte d'Ivoire, Guinea àti Liberia ti pààlà. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà lórí òkè náà tí kò sí níbòmíràn láyé. Kì í yé ẹyin bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: oṣù mẹ́sàn-án ló fi ń lóyún, ọmọ ló sì ń bí. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á wọlẹ̀ lọ, kò ní yọjú àfi bí òjò bá padà. Ẹni tó bá gun òkè yìí lóṣù Ṣẹ́rẹ́, tó lo ọ̀sẹ̀ méjì, lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò rí ọ̀pọ̀lọ́ kankan. Kò purọ́. Ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ ni wọn yóò fi gbẹ́ òkè náà.

Irin ló kún inú òkè yẹn. Ní apá Liberia, iléeṣẹ́ LAMCO bẹ̀rẹ̀ sí í kó o ní 1963. UNESCO ka apá Guinea mọ́ ogún aráyé ní 1981, ó ka ti Côte d'Ivoire tiwa mọ́ ọn ní 1982. Nígbà tó di 1992, ètò ìwakùsà wà lára ohun tó sọ ibẹ̀ di ogún tó wà nínú ewu.

Kíkà ṣe pàtàkì: a mọ̀ pé ìnàkí orílẹ̀-èdè yìí dín kù tó ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá láàárín 1990 sí 2007. A mọ̀ nítorí pé àwọn kan ti kà á ṣáájú. Bí wọn kò bá kà á ni, ta ni ì bá gbà pé ohunkóhun sọnù?

Ní Gonzagueville tiwa, ní Port-Bouët, a kò ní irin, yanrìn la ní. Àárín òkun àti ọ̀sà Ébrié la tẹ̀dó sí, wọ́n sì ń wa yanrìn nínú ọ̀sà náà láti fi kọ́ Abidjan. Òru ni ìjàpá òkun ń gòkè wá yé ẹyin sí etíkun, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló sì pọ̀ jù. Ẹni tó wá ní ọ̀sán oṣù Agẹmọ kò ní rí nǹkan kan.

Nítorí náà, kí ìjọba má ṣe gba ìwé ẹranko kíkà èyíkéyìí tí kò kárí ọdún kan gbáko, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, tọ̀sán tòru. Láti 1996 ni ìlànà ti wà nílẹ̀ yìí pé kí a gbọ́ ohùn ará ìlú kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin apẹja, ẹ̀yin ìyá tó ń dín ẹja létí òkun, ẹ mọ ohun tó ń jáde lálẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí ìwé tí wọ́n fi ń gba ohùn yín ní Port-Bouët, ẹ lọ. Ẹ bi wọ́n léèrè oṣù tí wọ́n ka ẹranko, kí ẹ sì rí i pé wọ́n kọ ohun tí ojú yín ti rí sílẹ̀.