Fláàṣì 2 TB tó ń lọ ní owó pọ́ọ́kú: ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó gbé ẹrù lé e

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní Èjìgbò lọ sí Abidjan yóò la Sẹ̀mẹ̀, Kútọnu, Lomé àti Accra kọjá, yóò gba ẹnubodè Noé wọ Côte d'Ivoire, yóò kọjá ní Aboisso àti Grand-Bassam. Tó bá ti dé Gonzagueville, ó ti wọ Port-Bouët nìyẹn. Ẹni tó bá wọ bàálù, Port-Bouët náà ni pápákọ̀ òfurufú Félix Houphouët-Boigny wà. Ọkọ̀ òkun tó ń lọ sí èbúté Abidjan, ọ̀nà omi Vridi tí wọ́n gbẹ́ láàárín òkun àti ọ̀sà, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1950, ló ń gbà, Port-Bouët náà sì ni Vridi wà. Ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò mọ ọ̀nà yìí bí ẹní mowó, nítorí pé àwọn bàbá wọn ti ń rìn ín kí a tó bí wọn.

Ohun tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí wà nínú báàgì wọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èlùbọ́, irú àti aṣọ ẹbí, fláàṣì kì í wọ́n níbẹ̀, èyí tí àwọn ará Abidjan ń pè ní clé. Fídíò ìgbéyàwó àbúrò, ìnáwó òkú ìyá, wáàsí, fíìmù àti àwòrán ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ló máa ń wà nínú rẹ̀. Fídíò wákàtí mẹ́fà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi WhatsApp rán, dátà kò sì pọ́ọ́kú. Íntánẹ́ẹ̀tì gan-an kì í ṣe ohun tí a lè fi gbogbo ara gbẹ́kẹ̀ lé. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, nígbà tí wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nínú òkun tó wà níwájú Côte d'Ivoire, láti Abidjan dé Èkó ni nẹ́tíwọ̀kì ti ń ṣe ségesège. Fláàṣì tó wà nínú àpò kò mọ̀ pé wáyà kankan já.

Ìdí nìyí tí inú èèyàn fi máa ń dùn tó bá rí fláàṣì tí wọ́n kọ 1 TB tàbí 2 TB sí lára, tó sì ń lọ ní iye tí 32 GB tàbí 64 GB ojúlówó ń lọ. A tilẹ̀ rí èyí tí wọ́n kọ 16 TB sí. Èrò tiwa ni pé ohun tí wọ́n kọ sára fláàṣì kì í ṣe ẹ̀rí, ohun tí kọ̀ǹpútà sọ nípa rẹ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹrù tí ẹ kó sínú rẹ̀, tí ẹ sì tún kó jáde láìdín, nìkan ni ẹ̀rí tó wà.

Bí ẹ̀tàn náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti lóye. Ohun méjì ló ṣe pàtàkì nínú fláàṣì. Ọ̀kan ni ègé tó ń tọ́jú ẹrù. Èkejì ni ègé kékeré tó ń darí rẹ̀, tó ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá ki fláàṣì bọ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà kì í wọ̀n ọ́n. Ó kàn máa ń béèrè pé, "Báwo lo ṣe tóbi tó?" Ìdáhùn tó bá gbọ́ ló máa gbé sójú fèrèsé fún yín. Àwọn oníjìbìtì máa ń tún ègé adarí yìí ṣe kó lè máa dáhùn pé téràbáìtì méjì lòun, nígbà tó jẹ́ pé 32 GB ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, tí ọlọ́jà bá ki fláàṣì bọ kọ̀ǹpútà lójú yín, tó ní, "Ṣé ẹ ti rí i báyìí?", irọ́ kan náà lẹ gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ wò ó bí onílé kan ní Adjouffou tó ní yàrá mẹ́jọ, tó wá ń gbowó yàrá igba. Akọ̀wé rẹ̀ ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá sanwó sínú ìwé. Ayálégbé mẹ́jọ àkọ́kọ́ rí ibi sùn. Tí ẹni kẹsàn-án bá gbé ẹrù dé, akọ̀wé á gbà á tẹ̀ríntẹ̀rín, á kọ orúkọ rẹ̀, lẹ́yìn náà á da ẹrù náà sínú ọ̀sà, tàbí kó kó ẹrù ẹni àkọ́kọ́ síta láti fi àyè gbà á. Ẹni tó bá wo ìwé á rí orúkọ gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fláàṣì ayédèrú. Orúkọ fídíò wà níbẹ̀, bó ṣe tóbi tó wà níbẹ̀, àmọ́ tí ẹ bá ní kó ṣí, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ohun tí èyí lè dá sílẹ̀. Oníkámẹ́rà ya ìnáwó òkú ìyá kan ní Èjìgbò láti àìsùn títí dé ibi tí àwọn ọmọ ti jó. Àròpọ̀ fídíò náà jẹ́ 90 GB. Ó kó o sórí fláàṣì "2 TB" tí àbíkẹ́yìn rà fún un. Kọ̀ǹpútà ní ó ti wọlé, kò sí àṣìṣe kankan. Ó bá pa ti inú káàdì kámẹ́rà rẹ́, torí pé òde míì ń dúró dè é lọ́jọ́ Sátidé. Fláàṣì rin ìrìnàjò ọlọ́jọ́ mélòó kan. Ní Port-Bouët, àkọ́bí tí kò lè lọ sílé sin ìyá rẹ̀ pe àwọn ará ilé àti aládùúgbò jọ síwájú tẹlifíṣọ̀n. Àìsùn ṣí, wọ́n sunkún, wọ́n rẹ́rìn-ín. Èyí tó tẹ̀ lé e kò ṣí. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn náà kò ṣí. Wọ́n lè dá owó fláàṣì padà fún un. Ìyá ńkọ́, ṣé wọ́n á tún un sin ni?

Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni àkókò. Fláàṣì tó ti kú pátá máa ń sọ fúnni lójú ẹsẹ̀. Ayédèrú máa ń dúró títí tí ẹ ó fi fọkàn tán an, nítorí pé 20 GB àkọ́kọ́ máa ń wọlé, ó sì máa ń jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.

A kò sọ pé kò sí fláàṣì ńlá lóòótọ́ o. Lọ́dún 2000 tí fláàṣì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, 8 MB péré ni èyí tí IBM gbé jáde, orin méjì lè kún un. Lọ́dún 2017, Kingston kéde èyí tó jẹ́ 2 TB, ó sanra bí ìka méjì, ó sì gbówó lórí gidigidi. Lónìí, àwọn ilé iṣẹ́ tó lórúkọ ń ta 1 TB àti 2 TB, ṣùgbọ́n owó tó pọ̀ ju ti 64 GB lọ fíìfíì ni wọ́n ń tà á. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ní ti 16 TB nínú fláàṣì tó tó ìka kan, kò sí ilé iṣẹ́ gidi kan tó ń ṣe é. Ẹni tó bá ń tà á ní iye garba abọ́ mélòó kan, ẹ kí i, kẹ́ ẹ sì máa lọ.

Ó yẹ ká ṣe ìdájọ́ òdodo fún àwọn ọlọ́jà náà. Àwọn kan máa ń pariwo "wọ́n ti lù mí ní jìbìtì" nítorí pé fláàṣì 64 GB fi 59 hàn. Ìyẹn kì í ṣe jìbìtì. Ẹ̀rún lọ́nà ẹ̀rún ni àwọn tó ṣe é fi ń kà, Windows ń fi 1,024 kà, ìdí nìyẹn tí 1 TB ojúlówó fi máa ń jẹ́ bíi 931 GB lójú kọ̀ǹpútà. Bẹ́ẹ̀ náà ni fláàṣì tó kọ̀ láti gba fíìmù kan ṣoṣo tó ju 4 GB lọ. FAT32 tí wọ́n fi tò ó ló ń dí i lọ́wọ́. Ẹ tún un tò sí exFAT, á gbà á.

Ní ti àyẹ̀wò, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ wà. H2testw, tó wá láti ọ̀dọ̀ ìwé ìròyìn c't ní Jámánì, máa ń kó ẹrù kún fláàṣì dé ẹnu lórí Windows, á sì kà á padà láti mọ èyí tó sọnù. F3, tí ọmọ Brazil kan, Michel Machado, ṣe, ń ṣe iṣẹ́ kan náà lórí Linux àti Mac. Wàhálà ibẹ̀ ni àkókò. Fláàṣì tó ń gba 10 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò lo nǹkan bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 47 kí 64 GB tó kún, ká má tíì sọ ti kíkà á padà. Tó bá jẹ́ 2 TB lòótọ́, ó máa ju ọjọ́ méjì lọ. Ọlọ́jà wo ló máa dúró de èyí? Ibẹ̀ ni ValiDrive ti wúlò, èyí tí Steve Gibson gbé jáde lọ́dún 2023. Ibi 576 káàkiri inú fláàṣì ló ń yẹ̀ wò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Tí ẹ kò bá ní èyíkéyìí níbẹ̀, ẹ kó fídíò tí kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo tí ẹ ní sínú rẹ̀ títí tó fi máa kún. Ẹ yọ ọ́, ẹ tún un kì bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ wá ṣí ti àkọ́kọ́, ti àárín àti ti ìkẹyìn. Yíyọ yẹn ṣe pàtàkì, torí pé kọ̀ǹpútà lè ṣì máa fi ohun tó wà lórí rẹ̀ hàn yín, tí ẹ ó rò pé inú fláàṣì ló ti wá.

Kì í ṣe ọjà ẹ̀gbẹ́ títì nìkan ni nǹkan yìí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, oníwádìí kan ní Amẹ́ríkà ra ẹ̀rọ ìpamọ́ "30 TB" kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó tú u, káàdì fóònù kékeré méjì tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ló bá nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn tiwa ni ọ̀rọ̀ wa ń lọ. Ànàgó ni wọ́n ń pe Yorùbá ní Côte d'Ivoire, òwò ni wọ́n sì fi mọ̀ wá níbẹ̀. Àwọn àgbà wa tajà láwìn fún ẹni tí wọn kò gbọ́ èdè rẹ̀ dáadáa, wọ́n sì padà lọ gba owó wọn, nítorí pé ọjà náà pé bí wọ́n ṣe sọ. Lónìí, tí oníbàárà bá mú fláàṣì padà wá, ìdáhùn tó wọ́pọ̀ ni, "Bí èmi náà ṣe rà á nìyẹn." A lè gba èyí ní páálí àkọ́kọ́. Ọlọ́jà náà lè má mọ̀. Ní páálí kejì, lẹ́yìn tí èèyàn mẹ́ta ti mú tiwọn padà wá, ó ti mọ̀, ó sì ń tà á bẹ́ẹ̀. Ẹyọ kan nínú páálí kọ̀ọ̀kan ni kó fi kọ̀ǹpútà àlòkù yẹ̀ wò, kó sì gbà láti pààrọ̀ èyí tó bá kùnà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kò ní ná an tó owó oúnjẹ ọ̀sán.

Òfin wà. Côte d'Ivoire ní òfin 2016-412 lórí ẹ̀tọ́ oníbàárà, Nàìjíríà náà ní tirẹ̀ tó jẹ́ ti ọdún 2018. Àmọ́ ta ló fẹ́ gbé fláàṣì tó rà lórí tábìlì láìgba rìsíìtì lọ sílé ẹjọ́? Àwọn aṣọ́bodè ní èbúté Abidjan, Kútọnu àti Èkó ló lè tètè ṣiṣẹ́ nípa rẹ̀. Páálí tí wọ́n kọ 16 TB sí, tí owó tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀ kò tó nǹkan, ti jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó tú u.

Kó tó di pé wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀dà méjì ni kẹ́ ẹ máa ṣe, lórí fláàṣì méjì tí ẹ kò rà lọ́wọ́ ẹnì kan náà. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi fídíò rán ẹni tó ń lọ sí Abidjan lọ́sẹ̀ yìí, kó fi káàdì kámẹ́rà náà sílẹ̀ bó ṣe wà, títí tí wọ́n á fi pè é láti Gonzagueville pé fídíò tó kẹ́yìn ti ṣí.