Kì í ṣe eré sísá nìkan ló ń mú kọ̀ǹpútà mọ ṣẹ́ẹ̀sì ta

Bí ọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀sì orí kọ̀ǹpútà bá ti délẹ̀, ohun táwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Báwo ló ṣe yára tó?" Èmi ò gbà pé ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣáájú.

Ẹ wo Deep Blue ti iléeṣẹ́ IBM. Lọ́dún 1997, ó na Garry Kasparov, ọ̀gá pátápátá nígbà yẹn, ní 3.5 sí 2.5. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 200 ipò ló ń yẹ̀ wò ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀pọ̀ wá gbà pé eré sísá ni gbogbo ẹ̀.

Irọ́ o! Lọ́dún 2009, Pocket Fritz 4, ètò tó wà lórí fóònù lásán, wọ ìdíje ní Buenos Aires, ó sì gba 9.5 nínú 10. Ipò tó ń yẹ̀ wò ní ìṣẹ́jú àáyá kan ò tó 20,000.

Kí ló fà á? Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀nà bíi 35 lèèyàn lè gbà sún ọmọ lórí ọpọ́n. Ẹni kejì náà ní bíi 35 láti fi fèsì. Ìyẹn ti di 1,225, ẹ ò sì tíì sún ju ẹ̀ẹ̀kan-ẹ̀ẹ̀kan lọ! Kọ̀ǹpútà tó fi ìlọ́po méjì yára lè mú ètò kan náà ta dáadáa sí i lóòótọ́, àmọ́ kò ní jẹ́ kó ríran jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ètò tó mọ èyí tó yẹ kó pa tì ló ń ríran jìnnà.

Lọ́dún 2017, AlphaZero ń yẹ ipò 80,000 wò níbi tí Stockfish ti ń yẹ mílíọ̀nù 70 wò. Nínú eré 100, AlphaZero jáwé olúborí nínú 28, wọ́n ta ọ̀mì 72. (Àwọn kan ní wọn ò to Stockfish dáadáa. Àwíjàre wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.)

Ibi tó ń dùn mí rèé: ẹ̀rọ TPU 5,000 ni wọ́n fi ta eré tí AlphaZero fi kọ́ṣẹ́. Ìyára ò kúrò ńlẹ̀, ó kàn kó lọ sí ọgbà ẹ̀kọ́ ni. Ta ló ní 5,000 nínú wa?

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn Leela Chess Zero tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2018. Àwọn èèyàn káàkiri ayé ló ń fi kọ̀ǹpútà tiwọn ta eré tó fi ń kọ́ṣẹ́, bí ẹni ń dá èsúsú, wọ́n sì ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fẹ́nikẹ́ni láti kà.