GÁRÁǸTÌ BÁTÌRÌ KÌ Í ṢE ÌWÉ LÁSÁN

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Ṣómólú àti Bàrígà, ọ̀rọ̀ bátìrì mọ́tò yìí ti sú wa. Ẹni tó ń kó tòmátò láti Mile 12 mọ̀ pé tí mọ́tò bá kọ̀ tí kò sítáàtì láàárọ̀, owó ọjọ́ yẹn ti wọgbó. Tá a bá wá gbé bátìrì padà, tí gáráǹtì ò tíì tán, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń sọ: "Mọ́mì, mọ́tò yín ló bà á jẹ́." Ojú lásán ni wọ́n fi wò ó o!

A ò gbà. Kí wọ́n tan mọ́tò, kí wọ́n fi mítà wọn iná tó ń wọ bátìrì. Tó bá wà láàárín 13.8 sí 14.4 volt, iná mọ́tò ò ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì kéré. Kí ni wọ́n tún fẹ́ sọ?

Àwọn tó lẹ "No refund" mọ́ ògiri ńkọ́? Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tí kò dáa padà. Ẹni tó bá ṣagídí, LASCOPA ti ìjọba Èkó ń gba ẹjọ́.

Àmọ́ awakọ̀ tó ń da pure water sí bátìrì, ọ̀tá wa lòun náà. Omi bátìrì gan-an ni kó lò, kì í ṣe ásíìdì (èyí tí wọ́n dé pa ò gba omi rárá). Kó sì máa nu èérí funfun tó ń hù lórí rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, kí ọjọ́ àti nọ́ńbà ara bátìrì wà lórí rìsíìtì. Ọlọ́jà tí kò bá kọ ọ́, ẹ bá ẹlòmíì lọ.