Kí Gbọ̀ngàn Ìràwọ̀ Má Di Ilé Sinimá

Àwọn àgbà Yorùbá ti sọ ọ́ tipẹ́ pé àgùàlà tó ń bá òṣùpá rìn kì í ṣe ajá rẹ̀. Báwo ni olùkọ́ yóò ṣe fi èyí han ọmọ ilé-ìwé ní Èkó, níbi tí iná òpópónà àti èéfín ti bo ojú ọ̀run, tí àwọn ọmọ sì ti kúrò nílé-ìwé kí oòrùn tó wọ̀?

Iṣẹ́ tí planetarium wà fún nìyí. Gbọ̀ngàn tó ṣókùnkùn ni, òrùlé rẹ̀ rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé. Ẹ̀rọ kan láàárín rẹ̀ ni ó ń tan ìràwọ̀ sí i. Ilé-iṣẹ́ Zeiss ti Jámánì ló fi àkọ́kọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ han aráyé ní Munich lọ́dún 1923. Olùkọ́ lè mú alẹ́ mẹ́ta kọjá láàárín ìṣẹ́jú kan, kí àwọn ọmọ rí bí òṣùpá ṣe ń fi àgùàlà sílẹ̀, tó ń sún sí ìlà-oòrùn lálaalẹ́.

Ó ṣeni láàánú pé ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn ti sọ ọ́ di fíìmù àkásílẹ̀, orin aláriwo àti ìbúgbàù. Ta ni ọmọ tó ní ìbéèrè yóò bi?

Ní 2003 ni Nàìjíríà ti rán sátẹ́láìtì NigeriaSat-1 lọ sójú òfurufú. Ìjọba tó bá fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn yìí fún àwọn ọmọ kò ní láti dúró de ẹ̀rọ tuntun. Àlòkù láti Hamburg ni Johannesburg rà, òun ni wọ́n fi ṣí tiwọn ní 1960. Owó tó bá kù, kí wọ́n fi gba olùkọ́ tó gbọ́ Yorùbá yékéyéké, tí yóò dá ẹ̀rọ náà dúró nígbà tí ọmọ kan bá nawọ́ sókè nínú òkùnkùn.