Bí Òbí Bá Kú, Ta Ni Yóò Tọ́jú Wọn?

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ṣùgbọ́n àwọn òbí kan wà láàárín wa, tí irun orí wọn ti funfun, tí ó jẹ́ pé àwọn ni wọ́n ṣì ń bọ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Òbí àwọn tí wọ́n ní ọ́tísíìmù ni à ń wí.

Ọ́tísíìmù kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe èpè. Bí a ti bí wọn ni ọpọlọ wọn ti ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ sísọ a máa ṣòro fún òmíràn, ariwo a sì máa da òmíràn láàmú. Ní 1943 ni Dókítà Leo Kanner kọ̀wé nípa ọmọ mọ́kànlá tí wọ́n rí bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Èyí àkọ́kọ́ nínú wọn, Donald Triplett, ṣiṣẹ́ ní báńkì fún ọ̀pọ̀ ọdún, 2023 ni ó tó kú, ní ẹni ọdún 89. Ẹ ò rí i pé wọ́n ń dàgbà, wọ́n sì ń darúgbó. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ilé-ẹ̀kọ́ àti ètò tí a ní nílẹ̀ wa, ti ọmọdé ni. Bí irùngbọ̀n bá ti hù, àánú a tán.

Òfin kò ṣàì sí. Ní 2011, ìjọba Gómìnà Fashola ṣe òfin àwọn àkàndá ẹ̀dá ní Èkó. Òfin náà dá ọ́fíìsì LASODA sílẹ̀, ó sì ní kí àpò owó kan wà fún wọn. Ní January 2019, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí ó fẹ́ kí wọ́n tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ ìjọba. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní England, òfin tí wọ́n ṣe ní 2009 dìídì dárúkọ àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ní ọ́tísíìmù. Tiwa kó gbogbo àkàndá pọ̀ sójú kan ni, àìlera tí a kò sì fojú rí ni a ń tètè gbàgbé níbi ìpín owó.

Kí ni ẹ̀sìn wa wí? Al-Kùránì, Súrà kẹrin, ẹsẹ̀ karùn-ún, pàṣẹ pé ẹni tí kò lè ṣàkóso ohun ìní ara rẹ̀, kí a máa bọ́ ọ, kí a máa wọ̀ ọ́ láṣọ, kí a sì máa bá a sọ̀rọ̀ rere. Kálífà Al-Walid, tí ó jọba láti 705 títí di 715, yan owó fún àwọn adẹ́tẹ̀ kí wọ́n má bàa ṣagbe. Ó fún arọ ní ìránṣẹ́, ó fún afọ́jú ní amọ̀nà. Ẹ kíyè sí i: kì í ṣe ìrẹsì àpò kan nínú Ràmàdáánì. Owó tí a yàn ni, tí kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró.

Ẹ wo ilé Jákàńdè tí ó wà ní Òkè-Afá níhìn-ín. Owó ìlú ni ìjọba Alhaji Lateef Jakande fi kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ kí mẹ̀kúnnù lè rí ibi sùn, kò sì sí ẹni tí ó pè é ní sàráà. Ẹ̀tọ́ ni. Bákan náà ni kí a ka owó àwọn wọ̀nyí sí ẹ̀tọ́.

Nítorí náà, kí àwọn tí ń gba sàká jọ ní Ìsọlọ̀, Èjìgbò àti Òkè-Afá ya apá kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún àwọn tí wọ́n jẹ́ tálákà nínú wọn, nítorí tálákà àti aláìní ni ó ṣáájú nínú ìsọ̀rí mẹ́jọ tí Súrà kẹsàn-án, ẹsẹ̀ ọgọ́ta, kà sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ilé ìkọ́ṣẹ́ ni a fẹ́ kọ́, tàbí owó oṣù olùkọ́, kí a fi sàráà àti wakáfù ṣe é. Kí a ka ìṣirò owó náà sétí ìjọ. Lẹ́yìn náà ni a ó lẹ́nu láti bi LASODA pé èwo ni ìpín àwọn àgbàlagbà wọ̀nyí nínú àpò tí òfin dá sílẹ̀.

Òbí tí ó bá mọ̀ pé owó wà lẹ́yìn ọmọ òun yóò lè fọkàn balẹ̀ kú. Kí Ọlọ́run fún wa ní agbára láti ṣe é. Àmín.